Apá kejì èwo ni ká fi sí fáwọn ọmọ? Kátúùnù mẹ́rin tí ajá, ológbò àti odídẹ ti ń sọ̀rọ̀

Ọlidé dé, àwọn ọmọ ilé wa sì ti wo The Secret Life of Pets àkọ́kọ́ débi pé èyí àbíkẹ́yìn máa ń sọ ọ̀rọ̀ Max, ajá inú ẹ̀, kí Max tó la ẹnu, ni wọ́n bá ní apá kejì làwọn ń fẹ́ báyìí. Mo ní kò burú. Ìgbà tí mo wá jókòó tì í ni mo rí i pé kátúùnù apá kejì tí ẹran ọ̀sìn ti ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀, dátà sì rèé kì í ṣe omi òjò, èèyàn ò lè máa fi gbogbo ẹ̀ wá èyí tó dáa. Bí mo ṣe ṣa mẹ́rin jọ nìyẹn. A wò wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi, àwọn ọmọ mẹ́ta tó jẹ́ ọdún 5, 9 àti 13, pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tó wá kí wa, tí wọ́n ní àwọn ò wo kátúùnù àmọ́ tí wọn ò dìde nídìí ẹ̀ títí tó fi tán.

Àwọn mẹ́rin náà ni The Secret Life of Pets 2 tó jáde ní 2019, Puss in Boots: The Last Wish ti 2022, Rio 2 ti 2014, àti èyí àtijọ́ kan, Lady and the Tramp II: Scamp's Adventure, ti 2001.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n, torí tí mo bá kàn ń pariwo pé èyí dáa èyí ò dáa, ẹ ò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ̀rù ni mo fi ṣáájú. Kì í ṣe pé bóyá ẹ̀rù wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀rù nínú, irú ẹ̀rù wo gan-an ni mò ń wò, ṣé èyí tí ọmọ máa fi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ni àbí èyí tó máa tẹ̀ lé e dé orí bẹ́ẹ̀dì tí á wá máa kan ilẹ̀kùn yín láago méjì òru. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi lẹ́tà sára fíìmù wọn, G ni ti tọmọdé tàgbà, PG ni kí òbí kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ẹ máa rí i níwájú pé PG kan yàtọ̀ sí PG kejì bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru.

Lẹ́yìn ẹ̀rù, gígùn, torí owó wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní HD tó mọ́ kedere, ó lè jẹ tó 3GB láàárín wákàtí kan, tẹ́ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí SD, nǹkan bíi 1GB ni. Lórí fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ ò mọ ìyàtọ̀, àgbà ló ń wá kedere. Ohun tó kù ni bóyá ẹ gbọ́dọ̀ ti wo apá kìíní, àti bóyá àgbàlagbà tó jókòó tì wọ́n máa gbádùn ẹ̀ àbí á kàn máa wo aago ni.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ajá tó ń sọ̀rọ̀ ò ní da ọmọ lórí rú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló tọ́ wa dàgbà? Ṣebí Ìjàpá àti Ajá ló jọ lọ jí iṣu wà nínú àlọ́, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ délé, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ lọ bá ajá ilé wọn fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀. Ó yá, ká lọ síbi tó kàn.

The Secret Life of Pets 2, ìṣẹ́jú 86, PG. Iléeṣẹ́ Illumination ló ṣe é, Chris Renaud ló darí ẹ̀ bó ṣe darí ti 2016. Katie tó ni Max ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chuck, wọ́n ti bímọ, Liam lorúkọ ọmọ náà, Max tí ò fẹ́ràn ọmọdé rí sì wá di abiyamọ ọ̀sán gangan. Gbogbo nǹkan ló ń bà á lẹ́rù nítorí ọmọ yẹn, ọkọ̀ ni o, àjèjì ni o, ó wá ń họ ara títí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n sì fi nǹkan rìbìtì bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sí i lọ́rùn kó má baà ha ara ẹ̀ bó. Ìyá ọkọ mi rí ìyẹn, wọ́n ní "ìyàwó, ìwọ nìyẹn." Mi ò fèsì.

Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan, Max àti Duke, ajá kejì ilé wọn, bá wọn lọ sí oko kan, níbi tí wọ́n ti pàdé ajá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Rooster. Ajá ni o, Àkùkọ lorúkọ ẹ̀, àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín sí ìyẹn nìkan fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Harrison Ford ló fi ohùn ẹ̀ sí i, fíìmù kátúùnù tó máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ó sì dùn létí, ohùn bàbá tó ti gbin kòkó láti ogójì ọdún tí ò sì ní àkókò fún àròyé ẹnikẹ́ni. Rooster ò ṣìkẹ́ Max. Ó bọ́ àrọ yẹn kúrò lọ́rùn ẹ̀, ó rán an lọ wá ọ̀dọ́ àgùntàn tó sọnù sí etí gegele. Ìkejì, Max ti fa ohun ìṣeré ẹ̀ kan tó rí bí oyin lé Gidget lọ́wọ́ kó tó lọ, ó sì já bọ́ sínú yàrá obìnrin kan tó kó ológbò rẹpẹtẹ jọ, Gidget tó jẹ́ ajá funfun múlọ́múlọ́ wá ní láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ológbò lọ́wọ́ ológbò kan tó ń jẹ́ Chloe. Apá yìí ló dáa jù nínú fíìmù yẹn lójú tèmi, èèyàn lè yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó máa wò ó lọ́tọ̀. Ìkẹta, Snowball ehoro gbà pé akọni tó ń gbani là lòun, òun àti ajá kan tó ń jẹ́ Daisy sì fẹ́ lọ gba ẹkùn funfun kan sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó sákọ́ọ̀sì tó ń fìyà jẹ ẹ́.

Àwọn àgbà tó wò ó ń ráhùn pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán aṣọ mẹ́ta pọ̀, pé ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò pàdé ara wọn títí ó fi kù díẹ̀ kó tán, orí ọkọ̀ rélùwéè ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pàdé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èyí tó jẹ́ 13 nílé wa ti mú fóònù kó tó tó ìdajì. Àmọ́ ohun tí wọn ò sọ ni pé ìrànpọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kó bá ọmọ kékeré mu, torí ọmọ ọdún 5 máa dìde lọ tọ̀, á lọ mu omi, á lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà, á padà dé, kò sì ní sọnù nínú ìtàn, ìtàn mìíràn á kàn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ibẹ̀ náà kì í pẹ́. Àwọn ìkookò olówó sákọ́ọ̀sì yẹn ń lé wọn kiri, ọmọ mi fi pílò bojú, nígbà tó máa ṣí i, ehoro ti ń ṣe fùkẹ̀, ẹ̀rín ti gbà á.

Ẹ ò nílò apá kìíní kẹ́ẹ tó lóye ẹ̀, kì í ṣe bí fíìmù tiwa tí wọ́n máa gé ìtàn kan ṣoṣo sí méjì nígbà tó bá ń dùn, tí wọ́n á ní ká máa retí Part 2. Ohun kan ni pé ohùn Max yí padà, Patton Oswalt ló ń sọ ọ́ báyìí, èyí kékeré mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ní "òtútù mú Max." Ọjà ẹ̀ náà ò tà bí ti tẹ́lẹ̀, ti àkọ́kọ́ pa nǹkan bíi 875 mílíọ̀nù dọ́là, èyí ò ju nǹkan bí ìdajì ẹ̀ lọ. Ìparí ẹ̀ ló mú mi ṣá. Liam ń lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti dúró lẹ́nu géètì iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi rí tí ọmọ sì wọlé láìbojú wẹ̀yìn, ẹ mú ìnujú dání.

Ìkìlọ̀ kékeré: mo ti ra díìsì apá kejì lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà rí, àwòrán ara ẹ̀ apá kejì ni, a délé a ki í bọ̀ ọ́, apá kìíní ló jáde. Tẹ́ẹ ò bá rí ìgbéyàwó àti ọmọ tuntun níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ dá a padà fún un.

Ó kan Puss in Boots: The Last Wish, ìṣẹ́jú 102, PG lòun náà, iléeṣẹ́ DreamWorks ló ṣe é, Joel Crawford ló darí ẹ̀. Ẹ lè ní ológbò tó wọ bàtà tó sì gbé idà kì í ṣe ẹran ọ̀sìn. Ó di ọ̀kan níbí o! Ẹ̀mí mẹ́sàn-án tí wọ́n ní ológbò ní, ó ti ná mẹ́jọ nínú ẹ̀, ẹ̀rù ẹyọ kan tó kù wá bà á, ló bá lọ fara pamọ́ sílé ìyá àgbà kan tó ń kó ológbò jọ, ó ń jẹun nínú àwo bíi ti gbogbo wọn, irùngbọ̀n hù lójú ẹ̀ bíi baálé ilé tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Perrito, ajá kékeré tó ń díbọ́n pé ológbò lòun kí wọ́n lè gbà á sílé. Ìbọ̀sẹ̀ ni Perrito wọ̀ bí aṣọ. Ẹ dúró kẹ́ẹ gbọ́ ibi tó ti rí ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fíìmù tó dáa jù nìyí, mi ò ní tàn yín. Wọ́n yàn án fún Oscar kátúùnù tó dáa jù lọ́dún 2023 bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pinocchio ti Guillermo del Toro ló gbé e lọ. Àwòrán ẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, nígbà tí ìjà bá sì dé, àwòrán yẹn á máa já ṣẹ́ṣẹ́ lọ́nà tó jẹ́ pé èyí tó jẹ́ 13 gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀, kò sì mú un mọ́ títí tó fi parí. Ẹ ò nílò láti wo apá kìíní ti 2011 àbí fíìmù Shrek kankan, níbi tí ológbò yìí ti wá.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìkookò kan wà níbẹ̀ tó ń súfèé. Ó gbé dòjé méjì dání, ojú ẹ̀ pọ́n, kò sọ orúkọ ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀, wọ́n ní "Ikú nìyẹn." Mo ní rárá mà, ìkookò ni. Nígbà tó yá tí ìkookò fẹnu ara ẹ̀ sọ ẹni tóun jẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn yíjú wò mí ni. Kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu, ṣebí àwa náà mọ Ikú bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri, kùmọ̀ ni tiwa ń gbé, òun ló gbé dòjé. Wagner Moura ló sọ ohùn ẹ̀, ọmọ Bahia ní Bràsíìlì, ìlú táwọn èèyàn wa ti gbé òrìṣà dé láyé ìjọ́sí, ohùn yẹn sì tutù débi pé irun ọwọ́ mi dìde.

Ọmọ ọdún 5 ilé wa sùn láàárín èmi àti bàbá ẹ̀ fún òru mẹ́rin. Ìfé yẹn ló ń gbọ́. Ọmọ àdúgbò kan bá súfèé kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sáré wọlé. Ẹ̀rù tí mò ń sọ lókè nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ń lé ni kiri, ti nǹkan tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ tí kò sí bí wọ́n ṣe lè sá fún un ni. Àmọ́ fún èyí tó jẹ́ 9, tí wọ́n pàdánù bàbá àgbà wọn lọ́dún tó kọjá, òdìkejì ló ṣe. Ibì kan wà tí àyà Puss ń lù kìkì nínú igbó, tí kò lè mí, Perrito ò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, ó kàn gbé orí lé e níkùn títí ó fi rọlẹ̀. Ọmọ yẹn ní ká dá a padà ká tún wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bi mí léèrè nípa bàbá àgbà láti ìgbà tá a ti sìnkú. Torí náà mi ò lè sọ fún yín pé ẹ má fi han ọmọdé, mo kàn lè sọ pé kẹ́ẹ mọ ọmọ tẹ́ẹ fẹ́ fi hàn, kẹ́ẹ sì jókòó tì í. Kì í ṣe èyí tẹ́ẹ máa tàn sílẹ̀ kẹ́ẹ lọ máa dáná.

Rio 2, ìṣẹ́jú 101, G. Carlos Saldanha tó jẹ́ ọmọ Rio fúnra ẹ̀ ló darí ẹ̀. Blu ni odídẹ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé ní Minnesota, Jewel ìyàwó ẹ̀ sì ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ mẹ́ta lọ sí igbó Amazon lọ bá ìbátan wọn. Blu gbé GPS, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà, dání wọgbó, ẹ ti mọ irú èèyàn tó jẹ́, ọmọ ìlú ńlá tó lọ sábúlé àna. Bàbá ìyàwó ò gba tiẹ̀ rárá, ẹnì kan tí Jewel ti mọ̀ láti kékeré sì tún wà níbẹ̀ tó lẹ́wà tó mọ orin kọ, Bruno Mars ló fi ohùn sí i. Ibi tí àwọn ẹyẹ ti gbá bọ́ọ̀lù du igi èso, tí Blu gbá a sínú ilé ara wọn, àwọn ọmọ mi dìde dúró lórí àga.

Orin ló gbé fíìmù yìí ró. Carlinhos Brown, ọmọ Salvador ní Bahia, wà lára àwọn tó ṣe é, ìlù ibẹ̀ sì ń pe ẹsẹ̀ ní ijó, ìyá ọkọ mi tó ní òun ò wo kátúùnù ló ń mi èjìká. Ìtàn ẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn agégi, àwọn odídẹ pupa, Nigel ọ̀tá àtijọ́ àti ọ̀pọ̀lọ́ olóró tó ń kú fún ìfẹ́ ẹ̀, Linda tó tọ́ Blu dàgbà àti ọkọ ẹ̀ náà tún wà nínú igbó, ìgbà tó máa fi tó wákàtí kan mi ò mọ ẹni tó ń wá ta mọ́. Èyí sì ni èyí tí apá kìíní ṣe pàtàkì sí jù, tẹ́ẹ ò bá wo ti 2011 ẹ ò ní mọ ìdí tí Nigel ò fi lè fò tó sì fi ń wá ẹ̀san kiri.

Nǹkan kan wà tẹ́ẹ lè bá èyí tó bá ti dàgbà sọ lẹ́yìn ẹ̀. Irú odídẹ búlúù tí Blu jẹ́ wà lóòótọ́, wọ́n sì kéde ní 2019 pé kò sí ọ̀kan mọ́ tó ń dá gbé nínú igbó, àfi èyí táwọn èèyàn ń sìn. Ní 2022 ni wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀ padà ní Curaçá, ní Bahia, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tí igi ibẹ̀ sì lẹ́gùn-ún, torí ibẹ̀ gan-an ni ilé wọn, Amazon tí fíìmù kó wọn lọ kì í ṣe ilé bàbá wọn rárá. Ọmọ ọdún 13 tó ń ṣe bí ẹni tí ò bìkítà ló lọ wá fídíò ibi tí wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀.

Scamp's Adventure ò ní gba àkókò wa. Ìṣẹ́jú 69 péré, G, iléeṣẹ́ Disney, wọn ò gbé e lọ sí sinimá rárá, kásẹ́ẹ̀tì àti díìsì ló bá jáde. Ó dùn mọ́ àpò, bíi 3.5GB ni HD ẹ̀, SD ẹ̀ lé díẹ̀ ní 1GB, Puss tó gùn jù á lé díẹ̀ ní 5GB ní HD, tàbí bíi 1.7GB ní SD. Ọmọkùnrin ajá méjì, Lady àti Tramp, ni Scamp, kì í fẹ́ wẹ̀, ó ń ba ilé jẹ́, ẹni tó ni wọ́n so ó mọ́lẹ̀ níta, ló bá sá lọ bá àwọn ajá ìgboro tó ń gbé níbi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ibẹ̀ ni ajá kan tó ń jẹ́ Angel wà, òun sì rèé, ilé tí Scamp sá kúrò nínú ẹ̀ ló ń wá kiri. Ọdún 1911 ni wọ́n fi ìtàn ẹ̀ sí, àyájọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀, àwòrán ẹ̀ ò tó ti 1955 tó bí i, àwọn orin ẹ̀ sì ti kúrò lórí mi kí n tó pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rù ibẹ̀ kéré jù, àfi ẹni tó ń mú ajá kiri. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá ní ọmọ tó ń bá yín jà lórí omi ìwẹ̀ ní gbogbo alẹ́, ẹ fi sí i kẹ́ẹ máa wo ojú ẹ̀.

Ta ló wá ni kó mú èwo? Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 4 sí 7 ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ rí àyè ṣe nǹkan mìíràn, Pets 2 ni, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí SD, dátà ẹ̀ ò ní ju bíi 1.4GB lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní September, ẹ̀yin náà, Pets 2, kẹ́ẹ wò ó kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ọmọ ọdún 9 sókè, tàbí ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ tí àwọn ọmọ ò tíì lè sọ̀rọ̀ ẹ̀, The Last Wish, lọ́sàn-án, kì í ṣe lálẹ́, ẹ sì yá gáfárà fún wa, ẹ gbé èyí kékeré lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Níbi tí ọmọ tó ọgọ́rùn-ún, bí ọjọ́ ìbí, tí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, Rio 2, ẹ yí ohùn ẹ̀ sókè. Scamp ni ti ẹni tí dátà ẹ̀ fẹ́ tán tí ọmọ ò sì gba rárá, àti ti ẹni tí inverter ẹ̀ ò lè gbé ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi ti padà sílé. Wọ́n pè lánàá, mo rò pé àwọn ọmọ ni wọ́n fẹ́ kí. Wọ́n ní ṣé ológbò tó wọ bàtà yẹn ní apá kẹta.